Sìlífátù Onídìrí àti Káàdì Aláwòrán

Bí o bá gbé orí lọ sọ́dọ̀ Sìlífátù onídìrí ní àdúgbò Lalala, ìmọ̀ràn ni yóò kọ́kọ́ dà sí i kí omi tó kàn án. Ìwó ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Libreville ní Gabon, kò sì sí ìṣòro tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní ìdáhùn sí. Nígbà míì, ìdáhùn a ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí oníṣòro tó parí àlàyé.

Océane, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò jọ ọ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, Faransé sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Láràárọ̀, a fa ẹyọ kan nínú káàdì aláwòrán tí wọ́n ń pè ní táró, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń woṣẹ́, a tẹjú mọ́ àwòrán rẹ̀, a sì kọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn sílẹ̀.

"Àúsù bíllàhi!" ni Sìlífátù ké lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. "Océane, o ti di aríran?"

"Màmá, non! Káàdì ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mò ń wò ó, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀."

"Ta lò ń bá sọ ọ́?"

"Ara mi."

"Èmi náà máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mi ò tìtorí ẹ̀ ra ìwé."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Océane gbàgbé káàdì rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Lucienne, oníbàárà kan tó jẹ́ ìyàwó ọkùnrin tó ń jẹ́ Akóredé, wà lórí àga, ó ń sunkún pé ìyá ọkọ òun, tí wọ́n jọ ń gbé ní àdúgbò Avéa, ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ òun wò lójoojúmọ́. Sìlífátù ti ń la ẹnu nígbà tí Lucienne nawọ́ fa káàdì kan. Ilé gogoro ló wà níbẹ̀, àrá ti sán lù ú, ènìyàn méjì ń já bọ́ látòkè.

"Yéè! Ilé mi ti wó!" Lucienne fò dìde, wọ́n ti di apá kan orí rẹ̀, èkejì dúró gàgàrà.

Jìnnìjìnnì bo Sìlífátù náà, àfi bó ṣe rántí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó gbé ìmọ̀ràn mì. "Káàdì ò sọ nǹkan kan. Ìwọ, kí lo rí?"

Lucienne tún un wò. "Aṣọ gidi ló wà lọ́rùn obìnrin tó ń já bọ́ yìí, bí ẹni tó ti múra tẹ́lẹ̀." Ẹkún dá. "Tàǹtí, kò já bọ́ o. Ṣe ló ń lọ!"

Kò pẹ́ tí òun àti Akóredé fi kó lọ sí yàrá àti pálọ̀ tiwọn.

Ni Ìyá Akóredé bá wọ takisí dé ṣọ́ọ̀bù. "Níbo ni aríran tó tú ilé mi ká wà?"

Sìlífátù kúnlẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, màmá. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ fa ọ̀kan."

"Èmi? Láéláé!" Ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà nínú káàdì tí Océane tún gbàgbé síbẹ̀.

Olorì kan ló fà, ó jókòó lórí ìtẹ́, ó mú idà dání. Ọ̀rọ̀ ń yún Sìlífátù lẹ́nu, ló bá fi eyín di ìyàrun mú.

"Obìnrin yìí le," ni màmá wí. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mú idà, kò rẹ́ni bá jà. Kò tiẹ̀ rẹ́ni tí yóò fún un lọ́bẹ̀ tọ́ wò."

Màmá tú gèlè rẹ̀. "Ẹ bá mi di orí yìí. Bí mo bá máa lọ kí àwọn ọmọ mi, mi ò ní gbé irun wúruwùru lọ."

Ó lọ, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìròyìn náà ló kó bá Sìlífátù. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ṣọ́ọ̀bù aríran. Inú bí i, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn: A Ò RÍRAN NÍBÍ. IRUN LÀ Ń DÌ.

Àwọn ará Lalala kà á, wọ́n ní aríran tòótọ́ kì í jẹ́wọ́. Nígbà tí Sìlífátù dé láti ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, èrò ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin apárí kan ló wà níwájú, ó ní irun lòun wá dì.