Àwọn Ọmọ Dúúkù àti Ọmọ Bàbá Wa

Tíṣà ìtàn ni mí ní Ṣakí, mo sì máa ń yangàn, n kò ní purọ́. Bàbá mi ni baálẹ̀ ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ìlú tí ọlọ́kadà lè ré kọjá kó tó rántí pé ibẹ̀ ló ń lọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìwé kan tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ìwé nípa ìdílé dúúkù kan, ìyẹn ìjòyè tó ní ilẹ̀ tirẹ̀, nílẹ̀ Jámánì. Ilẹ̀ dúúkù náà kò tó nǹkan, síbẹ̀ àwọn ọba ńláńlá ló ń wá fẹ́yàwó níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ di ayaba káàkiri. Mo máa ń sọ ọ́ bíi pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni dúúkù.

Nígbà tí ọba ìlú ńlá kan tọrọ àbúrò mi obìnrin, mo gbé ìwé náà lọ sílé fún un. Nọ́ọ̀sì ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó kà á tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló dọ̀bálẹ̀ fún bàbá wọn?"

Mo wá a títí, n kò rí i. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n fa ọmọ lé àwọn èèyàn ọba lọ́wọ́ ní ibodè, òmíràn tilẹ̀ pààrọ̀ orúkọ àti ìjọ.

"Èmi ò lọ báyẹn o," ó ní. "Bí wọn ò bá dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi, kí ọba máa dá gbé ààfin rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìdána, ọkùnrin mẹ́jọ ló wá láti ààfin. Ọba kò bá wọn wá, ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ ni wọ́n gbé dání. Nígbà tó tó àsìkò àtidọ̀bálẹ̀, olórí wọn na ọ̀pá náà sókè.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àna wa. Ibi tí ọ̀pá yìí bá wà, ọba ló wà níbẹ̀. Ọba kì í dọ̀bálẹ̀."

Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí àbúrò mi wà lẹ́yìn kọ́tìnì yàrá tó ń gbọ́, kò sì tíì wé gèlè.

Àbúrò bàbá wa obìnrin ló dìde. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀pá náà, ó gbé e sórí àga tó dára jù nínú ilé. "Kábíyèsí, ẹ káàbọ̀." Gbogbo wa kúnlẹ̀ kí ọ̀pá, bàbá mi ṣí fìlà. Ìyá yẹn wá kọjú sí àwọn ọkùnrin mẹ́jọ.

"Ọba ti jókòó. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ṣófo wọ̀nyí ńkọ́? Ẹni tó fún ni lọ́mọ, ó parí oore."

Olórí wọn wo àga, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ lọlẹ̀. Àwọn méjèèje yòókù tẹ̀ lé e, agbádá wọn bo gbogbo pálọ̀. Orí mi wú!

Mo sáré wọ yàrá. Àbúrò mi ti mú gèlè lọ́wọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ bá mi wé e," ó ní. "Kó le dáadáa."

Ìwé yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi ní kíláàsì. Ní ojú ewé tó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀, mo fi bírò kọ ọ́ pé: Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tiwa.