Ìdérí Méjì sí Táńkì Kan

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, mi ò sì tijú rẹ̀. Láti Ìwéré-Ilé títí dé ẹ̀gbẹ́ Ìṣẹ́yìn, ẹ wá ẹni tí àgbàdo rẹ̀ ń dúró bíi tèmi. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko mi á dẹ ẹsẹ̀ wò ó. Bí òjò bá pẹ́, èmi ni wọ́n ń bi bóyá kí àwọn gbìn tàbí kí àwọn dúró. Bí ewúrẹ́ bá bímọ tán tí kò jẹun, wọ́n á wá mi wá. Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi, kí n sọ èyí tó dára fún un. Mi ò fi kún un. Bó ṣe rí gan-an ni mo sọ.

Yorùbá ni mo mọ̀ ọ́n kà, òun náà ni mo fi ń kọ èyí. Òyìnbó ò wọ orí mi. Ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Kíláàsì kan náà la wà, ọjọ́ kan náà la sì sá kúrò níbẹ̀ lọ sóko.

Lọ́dún kan, ilé iṣẹ́ kan gbé oògùn koríko dé. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n dé, wọ́n so gbohùngbohùn mọ́ orí ọkọ̀, wọ́n ń fi Yorùbá tó dùn ún gbọ́ polówó. Wọ́n ní oògùn náà á pa koríko, kò ní fọwọ́ kan àgbàdo. Wọ́n ní kí a fi àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ han àwọn, káwọn fi oko rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ta tún ni wọn ìbá mú? Ọmọkùnrin tí wọ́n rán dé oko mi, ó ṣí ìgò, ó fi ìdérí rẹ̀ wọn oògùn, ó dà á sínú táńkì tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn.

"Ìdérí méjì sí táńkì kan, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀."

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, koríko ti kú, àgbàdo mi dúdú minimini. Mi ò gbé ọkọ́ lọ́dún yẹn. Mo ń sùn lọ́sàn-án. Gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ìdérí méjì sí táńkì kan.

Lọ́dún kejì, ìgò náà tóbi sí i. Àwọ̀ kan náà, àwòrán ọmọ àgbàdo kan náà. Mo rí i pé ó tóbi, inú mi tilẹ̀ dùn pé wọ́n bu kún un fún wa. Ọmọkùnrin yẹn náà ló tà á fún wa. Kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ mi kì í fín oògùn kankan. Àgbàdo funfun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, tí kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Kì í ga, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi se ẹ̀kọ, wàá gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ojúde. Òkè ààrò ló ń so irúgbìn rẹ̀ rọ̀ sí, kí èéfín máa lé kòkòrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bù ú fún mi rí pé kí n gbìn ín. Mo sè é jẹ. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kòkòrò ti ń wọ irúgbìn náà, ló bá gbin gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ̀yìn sì ń dùn ún, kò lè roko bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí koríko fẹ́ bo àgbàdo náà mọ́lẹ̀, ó wá sílé mi, ó gbé ìgò oògùn, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Ọ̀gá àgbẹ̀, àgbàdo ìyá mi ni o. Ṣé o ka ohun tí wọ́n kọ síbí, àbí àwòrán lò ń wò?"

"Mo kà á."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Látòkè délẹ̀. Ìdérí méjì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Tó bá kú, ilé rẹ ni màá ti máa jẹun."

"Ìyàwó mi ò ní gbà. O máa ń jẹ jù."

Ní ọjọ́ kẹrin tó fín in, ewé àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí funfun láti ṣóńṣó, ó wá ń gbẹ bíi bébà. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóko rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí lóko mi, bẹ́ẹ̀ ló rí lóko gbogbo ẹni tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi ń lọ láti ìdí àgbàdo kan dé òmíràn, ó ń fi ìka ya ewé rẹ̀ wò bóyá ọ̀kan ṣì tutù nínú. Mo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Kò sí ọ̀kan.

Ìyàwó mi ló rí i. Ó mú ìgò ọdún àkọ́kọ́ níbi tí mo jù ú sí. "Bàbá wọn, ẹ wo ìdérí méjèèjì." Ó ju kékeré sínú ńlá. Ó wọlé, ó tún ku àyè.

Mo kó ìdérí méjèèjì sápò, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà ní Ìṣẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn tábìlì.

"Bàbá, iye tó yẹ kí ẹ lò wà lára ìgò."

"Kà á fún mi ní Yorùbá."

Ó gbé ìgò sókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó wá ọ̀rọ̀ kan títí, kò rí i, ó fi Òyìnbó dí i. Ó tún dúró.

"Ìwọ tó o lọ sí yunifásítì," mo ní, "ìwọ náà ti ń làágùn."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀, wọ́n á pè yín."

"Ta ni wọ́n?"

Ó wo ojú mi. "Àwọn ọ̀gá, sà."

Títí dòní, wọn ò pè. Nígbà tí èmi pe nọ́ńbà ara ìgò, ẹ̀rọ ló dáhùn, Òyìnbó ló ń sọ, ó wá fi orin sí i.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tà, Yorùbá ni wọ́n fi pè wá. Nígbà tó yẹ kí wọ́n kìlọ̀ fún wa, Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Mi ò ní kí wọ́n dá àgbàdo padà. Kí ẹnì kan nínú wọn gun ọ̀kadà wá, kó dúró lójú ọjà tí wọ́n ti polówó, kó ní, "A yí ìdérí padà, a ò sì sọ fún yín." Ìlú á gbọ́, èmi náà á lè gbójú sókè. Wọn ò wá. Ojú tèmi nìkan ni ìlú mọ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ wá, wọn ò lè bá mi mú ọ̀rọ̀ ẹnu mi kúrò. Mo ní mo kà á.

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe àáró, a ó jọ ṣe oko ẹnì kan lónìí, ká bọ́ sí ti ẹlòmíràn lọ́la. Nígbà tó kan oko mi, tí mo fẹ́ fi erèé rọ́pò àgbàdo tó kú, mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wá. Wọ́n wá. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ dé, t'òun ti ẹ̀yìn tó ń dùn ún. A máa ń bú ara wa lóko ni, ta ló lọ́ra, ta ni ìyàwó rẹ̀ tì síta. Lọ́jọ́ náà, ìró ọkọ́ nìkan ni.

Nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi kajú, mo sún mọ́ ọn.

"Mi ò kà á," mo ní.

Ó ń fi òkúta ha erùpẹ̀ ẹnu ọkọ́ rẹ̀. "Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Kíláàsì kan náà la wà. Ìgbà wo lo wá kọ́ Òyìnbó?"

"Kí ló dé tó o wá fín in?"

"Mo rò pé o ti ní kí ẹni tó gbọ́ Òyìnbó kà á fún ọ ni. Mo ní o ò lè purọ́ lórí àgbàdo ìyá mi."

Ó jẹ oúnjẹ mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó sì kọ ebè tó kù tán kó tó lọ sílé.

Lọ́dún yìí, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo rí i lọ́jà, ó mú àpò irúgbìn àgbàdo kan dání, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ń dì. Ó ń wo ẹ̀yìn àpò náà. Mo ti gbé ẹsẹ̀ láti lọ bá a. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"O kú ọjà," ó ní.

Mo dáhùn. Ó yí padà, ó tọ obìnrin kan tó ń yan ata lọ, ẹni tí èmi àti òun ò mọ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí."

Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba àpò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún un. Èmi náà fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró sí jìnnà.