Ọkọ́ Méjì Lọ́nà Ìtàjí

Owó tí wọ́n fi ń ra iṣu kan ṣoṣo lónìí, nígbà èwe wa, kẹ̀kẹ́ tuntun ni ẹ ó fi rà, ṣẹ́ńjì á tún kù. Kẹ̀kẹ́ ló sì fa ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ má pè é ní àlọ́. Ojú mi yìí ló rí i, mi ò sì mu ẹmu lọ́jọ́ náà.

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe àáró lọ́nà Ìtàjí: Òjó ẹ̀gbọ́n mi, Sálíù, èmi tí mo wá lo ìsinmi láti yunifásítì, àti Bánjí ọ̀rẹ́ mi. Ẹ ṣáà mọ àáró: lónìí a ó jọ kọ ebè lóko tèmi, lọ́la ó di tìrẹ.

Oko Bánjí la kọ́kọ́ ṣe, títí ọwọ́ wa fi bó. Kò pẹ́ sígbà náà ni Bánjí ríṣẹ́ akọ̀wé ní kánsù, ó sì ra kẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ tó kan Òjó, a pín ilẹ̀ sí mẹ́rin, a fi ti Bánjí sílẹ̀ dè é. Ó dé lóòótọ́, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kò sì sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

"Bánjí, uṣẹ́ rẹ rèé o," ni Òjó wí, uṣẹ́ ló máa ń pe iṣẹ́, ó na ọkọ́ sí i.

"Òjó, ṣé kí akọ̀wé máa walẹ̀ kí gbogbo ayé máa wò ó ni?"

Òjó! Ẹni tó ń pè ní bọ̀ọ̀dá láti kékeré. Ó lu aago kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Òjó ní kí èmi àti Sálíù máa lọ, òun fẹ́ ṣe díẹ̀ nínú ti Bánjí, torí òjò ti sún mọ́. Ibẹ̀ ni ejò ti bù ú ṣán. Kò sẹ́ni nítòsí. Ibẹ̀ náà la ti bá òkú rẹ̀ láàárọ̀.

Mo rò pé Bánjí yóò sunkún. "Ṣé èmi ni ejò ni?" Ohun tó sọ fún mi nìyẹn, lẹ́bàá sàréè. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta mí títí di ìsinsìnyí. Àwo kan náà la ti jọ ń jẹun láti ilé ìwé.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń tibẹ̀ kọjá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ọkọ́ nírọ̀lẹ́, láti inú ìpín Bánjí tí a pa tì. Sálíù bẹ̀ ẹ́: "Bánjí, lọ parí ẹ̀, kí o tọrọ àforíjì."

"Èmi? Lọ́wọ́ òkú?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tẹ̀ lé mi, ẹ̀yin ojo, kí ẹ wá rí i pé kò sí nǹkan kan."

A tẹ̀ lé e. Oòrùn ń wọ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ìdí ọ̀pẹ, ó wọnú oko lọ́wọ́ òfìfo. Àwa dúró lójú ọ̀nà.

A gbọ́ ọkọ́. Ọ̀kan. Ó ń rọra walẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé: "Bánjí, uṣẹ́ rẹ rèé o."

Ìyá kan náà ló bí wa. Mi ò lè ṣi ohùn yẹn mọ̀.

Ọkọ́ di méjì.

Láàárín koríko mo rí ẹ̀yìn Òjó, bó ṣe máa ń fì sápá òsì tó bá ń kọ ebè, àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀, tó ń nà ró. Mo ké pe ẹ̀gbọ́n mi. Kò wẹ̀yìn. Sálíù fà mí lọ́wọ́, a sá.

Láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ wà níbi tó fi í sí. Ebè tuntun wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí. A kò rí Bánjí títí dòní.

Ẹni tó bá ti bá ọ ṣiṣẹ́, nígbà tó bá kan oko tirẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ. Bí o bá sì ń gba ọ̀nà Ìtàjí nírọ̀lẹ́, tí o gbọ́ ọkọ́ méjì, má ṣe kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n lè dáhùn pé ìwọ ló kàn.

Òjó ti lọ. Sálíù náà kú lọ́dún tó kọjá, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Èmi ṣì wà. Bánjí, mi ò mọ ibi tí màá kà á sí.