Ìyá Mi Kúnlẹ̀ fún Mi

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ìyá mi kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí mi. Ẹ̀wà ni mo ń ṣà nínú atẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó jáde láti yàrá, tó ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," mo sì ń gbé atẹ kalẹ̀ kí n lè kúnlẹ̀ bí mo ti ń ṣe láti kékeré. Kí n tó gbé e kalẹ̀ tán, orúnkún tirẹ̀ ti balẹ̀ níwájú mi. Ó tẹrí ba, ó ní:

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé mi. Ṣé ẹ jí ire?"

Gbogbo ẹ̀wà dà sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí abiyamọ bá kúnlẹ̀ nítorí ọmọ, Ọlọ́run ló ń kúnlẹ̀ bẹ̀. Tó bá wá kúnlẹ̀ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀, ọmọ náà gbé. Mo fà á dìde. Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ má pa mí. Èmi ni o, Azeezat yín ni." Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó tún kúnlẹ̀.

Tọ̀yìbátù ni wọ́n sọ ìyá mi. Ọmọ Ìlobùú ni. Bàbá mi, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìlobùú, ló wá fẹ́ ẹ níbẹ̀, tó mú un lọ sí Kùmásì ní Gánà. Ìyàwó kan ti wà níwájú rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ, ọmọ Ìfọ́n, Ìyá Soliu ni wọ́n ń pè é. Abọ́ tánńganran ni àwọn méjèèjì jọ ń tà. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ lọ́dún 1969, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà nínú ọkọ̀ tó kó wa wálé. N kò mọ nǹkan kan nípa Kùmásì ju ohun tí ìyá mi ń sọ lọ: pé búrẹ́dì ibẹ̀ dùn, pé ẹrẹ̀ ibẹ̀ pupa.

Nígbà tí a délé, abọ́ náà ló tún ń tà. Yóò fi èékánná kan abọ́ gbìn-ín, yóò dẹtí sí i, yóò ní, "Eléyìí ti sán lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ mú òmíràn." Bẹ́ẹ̀ ọjà ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́ yẹn o! Uwais àbúrò mi máa ń ní òótọ́ ni yóò jẹ́ kí ìyá wa jókòó ti abọ́ kú. Kò jókòó tì í kú. Ó fi abọ́ kọ́lé, ó fi rán Uwais lọ sí iléékéú títí ó fi di aáfà. Èmi ni mo ń ru abọ́ tẹ̀lé e, nítorí náà n kò pẹ́ ní iléèwé. Ẹni tó yá tẹ́nu, tó máa ń fini ṣe ẹ̀fẹ̀ ni ìyá mi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ dá sí i nígbà tí àwọn obìnrin bá ń sọ ìtàn ọjọ́ ìkúnlẹ̀ wọn. Yóò gbé abọ́ kan, yóò máa nù ún.

Iyè rẹ̀ kò ra lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ń kírun Àsárì lákìítúnkí. Ó wá ń fi iyọ̀ sí ẹ̀kọ mímu. Lẹ́yìn náà ó ń kí àwọn aládùúgbò tó ti kú, á dúró de ìdáhùn wọn. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Dókítà ní Òṣogbo ní kì í ṣe ayé, kì í ṣe wèrè, ọpọlọ ló ń gbó ju ara lọ. Kò sí oògùn tó lè dá a padà, ìtọ́jú ló kù. Ọkọ mi ti kú nígbà yẹn, Démiládé àkọ́bí mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti ní ilé tiwọn. Mo kó ẹrù mi padà sílé bàbá mi, mo dojú kọ ìtọ́jú ìyá mi.

Uwais ló bá wa wá Morónkẹ́ rí. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan rí kó tó di ẹni tó ń lọ láti ilé dé ilé tọ́jú àwọn arúgbó. Àárọ̀ ni ọ̀kadà máa ń gbé e dé. Ó ń wẹ ìyá mi, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fún un lóúnjẹ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Ìyá Àgbà, ẹ lanu. Ẹ̀kọ nìyí, kì í ṣe májèlé."

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi Morónkẹ́ ni, ọmọ yín tó burẹ́wà."

Ìyá mi á wò ó láti òkè délẹ̀. "Òótọ́ lo sọ." Á wá lanu.

Ìkúnlẹ̀ yẹn ni kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe máa ṣe é. Láràárọ̀ ló ń wá mi kiri kó tó kúnlẹ̀. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo ní tí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí ìtìjú lè bò mí mọ́lẹ̀ níwọ̀nba. Àṣìṣe ńlá ni. Bí ìyá mi ṣe rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ó kígbe, "Yéè! Ìyálé mi, ẹ má fi mí ré! Kí ni mo ṣe?" Ó bá nà sílẹ̀ gbalaja. Èmi náà nà sílẹ̀, nítorí n kò lè ga ju ìyá mi lọ. Ó ń sunkún, mo ń sunkún. Ibẹ̀ ni Morónkẹ́ gbé omi gbígbóná wọlé bá wa.

"Hẹ́ẹ̀! Kí lẹ ń wá nísàlẹ̀ níbẹ̀? Ṣé abẹ́rẹ́ ló bọ́ ni?"

Nígbà tó ti gbé ìyá mi sórí bẹ́ẹ̀dì tán, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá Démiládé, ẹ jókòó kí ẹ máa gbà á. Tó bá kí yín, ẹ dá a lóhùn."

"Kí n jókòó sórí àga kí ìyá mi wà nílẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí ayé mi bà jẹ́ ni?"

"Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló ń kí. Ìyálé rẹ̀ ló ń kí."

"Ìyálé rẹ̀ ti kú, ó ti pẹ́."

"Ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀fọ̀ tuntun."

Uwais kò gbà rárá. Ó ní Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún, àti pé irọ́ kì í ṣe ìtọ́jú. Ó ní kí n kúkú máa fara pamọ́ láàárọ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìyá tó bí mi nìyẹn, tí mò ń ba mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Nígbà tí kò rí mi, ó ń jáde nílé. Ọ̀nà Ìfọ́n ló máa ń gbà, bẹ́ẹ̀ ìjà ilẹ̀ ti le láàárín ìlú méjèèjì lásìkò yẹn, ọkọ̀ kì í kọjá, olóko ti fi oko sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn ilé kan tí àwọn onílé ti sá kúrò ni a ti rí i. Ó ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Èékánná tó fi ń kan abọ́ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀.

"Màámi, kí lẹ ń wá?"

"Ìyálé mi, n kò bínú," ó ní. "Ẹ ṣáà fi hàn mí."

Uwais ra àgádágodo. A ń ti ìyá wa mọ́lé bí ewúrẹ́ tó ń jẹ iṣu oníṣu. Ó ń lu ilẹ̀kùn títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi wú. Morónkẹ́ bínú. Ó ní ẹni tí a bá ń tì mọ́lé báyìí kì í pẹ́ kó tó kọ oúnjẹ, àti pé a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìyá ń wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwákúwàá ló máa pa á.

Ọmọ ni Morónkẹ́ rò pé ó ń wá, nítorí náà ó ra bèbí onírọ́bà kan wá. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn pé irú rẹ̀ máa ń fi arúgbó lọ́kàn balẹ̀. Ìyá mi gbà á, ó fọwọ́ pa á lórí, inú wa dùn. Ó tú ìborùn funfun rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó tẹ́ bèbí sí i. Ó wé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wé àyà rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ pọ̀n ọ́n ni. Ó wé ojú rẹ̀. Ó so ó lókè, ó so ó nísàlẹ̀, bí a ti ń di òkú mùsùlùmí gan-an. Morónkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi fi orúnkún wọ́ wá bá mi, ó na bèbí náà sí mi.

"Ẹ bá mi gbé Ùsmán lọ, ìyálé mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí ẹ ń gbé e lọ."

N kò gbọ́ orúkọ Ùsmán rí nílé wa.

Bọ̀ọ̀dá Soliu, ọmọ ìyálé náà, ló kù láyé tó lè mọ̀. Ìfọ́n, ìlú ìyá rẹ̀, ló ń gbé. Mo pè é lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń jẹ́ Ùsmán?"

"Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, Azeezat."

Kò lè wá sí Ìlobùú, èmi náà kò lè dé Ìfọ́n. Ọmọ bàbá kan náà, Òṣogbo la lọ pàdé, lórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì.

"Ọmọ tó ṣáájú rẹ ni," ó ní. "Ó ti ń rìn. Ibà ló pa á. Màámi ló gbé e, èmi ló ru ọkọ́ tẹ̀lé wọn. Ìyá rẹ tẹ̀lé wa dé ẹnu ọ̀nà, Màámi dá a padà. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ìyá rẹ ń kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ibẹ̀ han òun. Lọ́jọ́ tí à ń dẹrù sọ́kọ̀ bọ̀ wálé, ó tún kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ìwọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Màámi ṣe bí ẹni tí kò rí i. Inú ọkọ̀ ni Màámi ti wá sunkún."

"Ibo ló wà?"

"N kò ní sọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá yìí ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Oyún wo lẹ tún ń ṣọ́?"

Ó wo ojú mi. "Ìwọ náà ni. Wọ́n ní tó bá rí ibẹ̀, èyí tó ń bọ̀ kò ní dúró. Torí tìẹ ni a ṣe fi pamọ́."

A mu mínírà wa tán. Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́: ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó ní òun padà dé Kùmásì nígbà kan, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù bo gbogbo ibẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún Uwais pé màá jókòó. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fẹ́ jókòó kí ìyá wa kúnlẹ̀? Ẹ fẹ́ máa jẹ́ orúkọ òkú?"

Mo ní, "Aáfà, tí òtítọ́ mìíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ tó lè mú un dákẹ́, wọlé lọ sọ ọ́ fún un."

Kò wọlé. Kò sì dá mi dúró mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí àgádágodo, mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jókòó. Mo di apá àga mú, torí orúnkún mi ń fẹ́ lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá mi jáde. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé mi."

"Káàárọ̀, Tọ̀yìbátù." N kò pe orúkọ ìyá mi lójú rẹ̀ rí.

"Ẹ bá mi ṣe é. Ibo lẹ gbé e sí?"

"Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni mo gbé e sí. A wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Soliu ló gbẹ́ ilẹ̀. Igi dóńgóyárò wà lórí rẹ̀."

"Oòrùn kò ní pa á nígbà náà."

"Oòrùn kò pa á."

"Yóò máa gbọ́ ìrun."

"Ó ń gbọ́ ìrun."

Ó ronú sí i. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí n mọ̀?"

"Kí èyí tó ń bọ̀ lè dúró ni."

Ó gbé ojú sókè wò mí. "Ṣé ó dúró?"

Mo ní, "Ó dúró."

"Ó dàgbà?"

"Ó ti dàgbà."

"Alihamudulilai." Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, ó fi dìde. "Tí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i."

Láti ọjọ́ yẹn kò kúnlẹ̀ mọ́. Uwais ju àgádágodo nù. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ìyá wa kò jáde. Morónkẹ́ ní, "Ẹ ò rí i? Ọkàn Ìyá Àgbà ti balẹ̀." Ó balẹ̀ lóòótọ́. Kò wá ìyálé mọ́, kò sì wá ẹlòmíràn. Láàárọ̀ mo máa ń lọ jókòó sórí àga yẹn. Yóò gba iwájú mi kọjá lọ síbi tí oòrùn wà, bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. Nígbà mìíràn mo máa ń wúkọ́, bóyá yóò yíjú. Èmi tí mo sá fún ìkúnlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo wá ń retí rẹ̀. Ká ní ó tún pè mí ní ìyálé ni, ìbá tó mi.

Ó kú nígbà òjò àkọ́rọ̀, ní àárọ̀, nígbà tí Morónkẹ́ ń fún un lẹ́kọ. Ó gbé ẹ̀kọ náà mì, kò lanu mọ́. Àwọn ènìyàn wá kí wa. Wọ́n ní ó dàgbà kó tó kú, wọ́n ní ó bí ọmọ sílẹ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bọ̀ọ̀dá Soliu kò lè gba ọ̀nà Ìfọ́n wá. Orí fóònù ló ti ṣàdúà, tó sì sunkún.

Ìkíni tó ní kí ìyálé bá òun kí mi, mo gbọ́ ọ. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀. N kò rí ẹni tí màá fi èsì rán sí i.