Ìbéèrè Tí Wọn Kò Bi Mí

Ọjọ́ tí mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ Sẹ̀kínátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́nu kò kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, nílé wa ní Rusaifah nílẹ̀ Lárúbáwá, yunifásítì ìjọba kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà pè é lórí fóònù láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún ìgbàwọlé; mo jókòó tì í.

"Kí ló dé tó o fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wa?"

Kó tó lanu, mo ti ń ṣàlàyé: olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ bíríkì gbọ̀ngàn àkọ́kọ́.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹnu ọmọ náà la ti fẹ́ gbọ́ ọ." Àkókò sì tán.

"Kí lo fẹ́ sọ?" ni mo bi í.

"Bọ̀ọ̀dá, pé èmi ni mo máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún Màmá."

Wọn kò gbà á. Mo ṣì mọ ìtàn yunifásítì náà látòkèdélẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀.