Ọjọ́ tí Senhor Belmiro Ṣàwárí Trafaria

Ẹ sún mọ́bí, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí! Olóògbé Senhor Belmiro Patacho lọ́rọ̀ mi dá lé, ọkùnrin tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ṣàwárí Trafaria, ìlú tó wà lódìkejì odò wa, tí ọkọ̀ ń dé láàárín ogún ìṣẹ́jú!

Ogójì ọdún ló fi dúró lábẹ́ ọkọ̀ òkúta ńlá tí wọ́n fi ń rántí àwọn atukọ̀ ìgbàanì létí odò Tejo ní Belém, nílẹ̀ Potogí, tó ń ka orúkọ àwọn atukọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ fún àlejò. Á ní, "Bàbá ńlá mi nìyẹn, ẹnì kẹwàá láti iwájú!" Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá ńlá náà á ti sún sípò keje.

Zulmira, adúláwọ̀ ọmọ erékùṣù Cabo Verde tó ń ta kọfí níbẹ̀, kì í gbà fún un. "Bàbá, àwọn ẹrú tí wọ́n dè sísàlẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Mi ò rí wọn lára òkúta yín."

"Òkúta ló tán, ọmọ mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó kúkú mọ ibi tí yóò tán sí."

Belmiro fúnra rẹ̀ ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ẹ̀rù omi ń bà á! Ọmọ rẹ̀ Graciete, tó ń gbé Trafaria, wá fẹ́ ṣèsàmì fún ọmọ tuntun. Ó ránṣẹ́: "Bàbá, bẹ́ ẹ bá wá, Belmiro lọmọ á jẹ́. Bẹ́ ẹ ò bá wá, orúkọ bàbá ọkọ mi la máa sọ ọ́."

Bàbá ní òun á wọ bọ́ọ̀sì gba orí afárá. Zulmira pariwo: "Bọ́ọ̀sì kẹ̀! Ọmọ atukọ̀! Ṣé bọ́ọ̀sì làwọn bàbá ńlá yín wọ̀ lọ sí Íńdíà?" Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Inú bí bàbá, ló bá kọrí sídìí ọkọ̀ ojú omi. Zulmira pa kọfí tì, ó tẹ̀ lé e.

Kí wọ́n tó tú okùn ni bàbá ti ń bì. Ó kúnlẹ̀, ó dijú, ó di òpó mú. Zulmira ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń bi í pé, "Ọ̀gákọ̀, ṣé a ti rí Íńdíà?"

Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀, ó fẹnu ko ilẹ̀, ó ri agbòjò rẹ̀ mọ́ iyanrìn, bí àwọn atukọ̀ ìgbàanì ṣe máa ń ri òpó òkúta mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀. Ó kígbe: "Mo gba ilẹ̀ yìí lórúkọ ọba Potogí!"

Apẹja kan gbójú sókè nídìí àwọ̀n. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. A ò lọ́ba mọ́ o. Àwa náà sì ti wà níbí tipẹ́."

Belmiro lọmọ náà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kí bàbá wọ ọkọ̀ pa dà, ìtìjú ò sì jẹ́ kó wọ bọ́ọ̀sì. Ọdún méje ló fi jókòó ti àwọn apẹja yẹn, tó ń bá wọn tún àwọ̀n ṣe, tó ń purọ́ fún wọn, títí ó fi kú. Nídìí sàréè, Zulmira, tó ń wọkọ̀ wá bá a jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ló sunkún jù. "Ta ni n ó wá máa bá jà báyìí?"

Àwọn apẹja kan pátákó kan mọ́ ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ibí yìí ni Belmiro ti ṣàwárí wa." Ọdọọdún ni wọ́n ń kùn ún lọ́dà tuntun. Ẹ dákun, ẹ wọkọ̀, ẹ lọ fojú ara yín rí i.