Fọ́tò Bàbá Mi Láìsí Àwọ̀

Ẹni tó ta íńkì fún mi l'Álàbà lẹ́nu dídùn. "Màdáámù, ẹ fọ àwọ̀ inú píríńtà yín dànù, ẹ rọ ìgò mẹ́rin yìí sí i, dúdú kan, àwọ̀ eérú mẹ́ta. Fọ́tò tó máa jáde, ẹ̀ẹ́ pè mí dúpẹ́." Mo pè é lóòótọ́. Èébú ni mo fi kí i.

Fọ́tò tí mò ń yà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ n'Íbà ni mo fi ń jẹun, àmọ́ èyí kì í ṣe ti títà. Bàbá mi ni mo fẹ́ tẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, kíndìnrín ń dà wọ́n láàmú, ọ̀dọ̀ mi n'Ígbó-Elérin ni wọ́n wà. Káfíńtà ni wọ́n, wọn ò sì ní fọ́tò gidi kan láyé wọn, torí ẹ̀yìn èrò ni wọ́n máa ń dúró sí níbi gbogbo. Mo wá yà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àìsàn ti ba àwọ̀ ara wọn jẹ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ láwọ̀, gbogbo ojú wọn ló ń pariwo pé ara ọkùnrin yìí ò yá. Láìsí àwọ̀, bàbá mi gan-an ló jókòó síbẹ̀. Ìdí tí mo fi ra íńkì nìyẹn.

Lábẹ́ gílóòbù, fọ́tò náà dúdú dáadáa. Mo gbé e síta sínú oòrùn, ojú bàbá mi di àwọ̀ ewé bíi búrẹ́dì tó ti bu. Mo pe oníńkì náà. Ó ní pépà mi ni. Mo ra pépà mìíràn, ó tún ní kọ̀ǹpútà mi ni. Mo ní kó kúkú sọ pé bàbá mi ni. Lọ́jọ́ kan, ìtẹ̀ ti dé ibi imú kí wọ́n tó mú iná lọ. Mo jókòó ti ìdajì bàbá mi, mò ń bú gbogbo ẹni tó ń jẹ́ ìjọba.

Àṣé àwọ̀ eérú máa ń silẹ̀ sí ìdí ìgò, ó yẹ kí n mì ín dáadáa kí n tó rọ ọ́. Alákọrí yẹn ò sọ fún mi! Mo mì ín, mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó jáde, ẹ lè ka irun àgbọ̀n wọn. Mo fi kọ́ ara ògiri pálọ̀.

Àbúrò mi obìnrin ti Ìjànikin wá kí wọn. Ó rí fọ́tò náà láti ẹnu ọ̀nà, ó ju àpò sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. "Bàbá dà?" Bàbá jáde láti ilé ìwẹ̀. Ló bá kọjú sí mi.

"Ta ló ń fi ẹni tó wà láàyè sí dúdú àti funfun? Ṣé ẹ ń kánjú ni?"

Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá rí fọ́tò èèyàn láìsí àwọ̀ lórí fóònù, ìgbà tí wọ́n máa sin ín ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Mo mọ̀. Ó kàn ń bí mi nínú ni.

"Ẹnu ẹ ló máa pa èèyàn," mo ní, "kì í ṣe íńkì. Íńkì lásán ni."

Ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, a kọ̀ ọ́, a ò gbà á, ó sì na ọwọ́ kó já a lára ògiri. Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù. Àwa àgbààgbà obìnrin méjì, à ń ti ara wa síwá sẹ́yìn.

"Ẹ gbé e wá," bàbá mi ní.

Wọ́n jókòó, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ó dára. Ó dára gan-an. Ẹ má wá òmíràn kiri mọ́. Eléyìí ni kí ẹ lò."

Kò sẹ́ni tó béèrè pé ká lò ó fún kí ni. Èmi tí mo ní íńkì lásán ni, èmi ni mo dìde.

"Ẹ gbé e fún mi, bàbá."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fà á ya ni."

Mo fà á, wọ́n fà á. Agbára wọn ṣì ju tèmi lọ.